Kí Òkèlè Tó Dé Ọ̀fun

"Má jókòó, Mùílì. Àwọn tó sin Bàbá ló ń jókòó níbẹ̀."

Ohùn Safurat, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló pàdé Mùílì télọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Eruku ọyẹ́ bo fìlà rẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń ṣe àlùwàlá ìrun ìrọ̀lẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò sọ fún mi pé..."

"Wọn ò sọ kí ni? Ìdájí la rán Gàníyù sí ọ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kí ló wí?"

"Ó ní Bàbá ń pè mí. Ó ní kí n máa bọ̀ kíákíá."

"Ọmọ Yorùbá wo ló gbọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò fura? Àbí o fẹ́ kó pariwo òkú sí ọ létí lójú ọjà ni? Kí lo fún un lésì?"

Mùílì wolẹ̀. Gàníyù, ọmọ àbúrò Bàbá, jókòó ti ògiri pẹ̀lú oúnjẹ níwájú, erùpẹ̀ sàréè ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ojú ti òun náà, àmọ́ òun ló dáhùn.

"Bọ̀ọ̀dá ní kí n dúró ná. Wọ́n ń ṣàlàyé lọ́wọ́."

Àlàyé ọ̀hún kò kéré. Rédíò ti sọ pé ẹ̀rọ tí àwọn ará Rọ́ṣíà jù sí òṣùpá tàsé, ó kọjá lọ, ó forí lé ọ̀nà oòrùn. Ni àdúgbò bá pé sí ṣọ́ọ̀bù Mùílì. Máìlì méje kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ní. Kí o tó gbé òkèlè mì, ó ti kúrò ní Ọ̀yọ́, ó ti dé Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ta ló ń pàtẹ́wọ́ fún télọ̀ tẹ́lẹ̀? Gàníyù dúró títí tí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán, ó bá wọ lọ́rì padà, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Safurat. Òkú Mùsùlùmí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí Kúbúrátù ìyàwó Mùílì gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán tó sì káwọ́ lérí ni ọ̀rọ̀ tó yé ọkọ rẹ̀.

"Èmi ni àkọ́bí ọkùnrin," ó ní. "Èmi ló yẹ kó wọ sàréè gbà wọ́n."

"Ohun tí Bàbá sọ kẹ́yìn nìyẹn. 'Mùílì ni kó gbà mí.' A gbé wọn kalẹ̀ lẹ́nu ihò, à ń wo ọ̀nà, títí Àlùfáà fi ní ó tó. Gàníyù ló wọ sàréè."

Safurat bẹ̀rẹ̀, ó bu òkèlè nínú oúnjẹ Gàníyù, ó fi lé àtẹ́lẹwọ́ àbúrò rẹ̀.

"Gbé e mì, ká wo ẹni tó máa kọ́kọ́ dé, ìwọ àbí ẹ̀rọ rẹ."