Ta Ló Bi Sẹ́ńsọ̀ Léèrè?

Nílé atúnrédíòṣe, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bá bàbá sọ̀rọ̀ nígbà tí irin gbígbóná tó fi ń jó wáyà pọ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà á sọ tẹnu rẹ̀ fún un, ìyá á ní sùúrù títí bàbá á fi gbé irin kalẹ̀, á bi í, á sì gbé èsì jáde bó ṣe gbọ́ ọ gan-an. Ìyá kì í kánjú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í dàrú lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin wọn ti dàgbà sínú òfin yìí débi pé kò tiẹ̀ kà á sí òfin mọ́. Kẹ́lẹ́ ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí pé tó bá sọ̀rọ̀, ẹni tó jókòó tì í nìkan ló máa gbọ́.

Ẹ̀gbẹ́ tábìlì bàbá rẹ̀ ni Kẹ́lẹ́ ti kọ́ nípa wáyà. Inú kọ̀ǹpútà àlòkù kan ló ti kọ́ ìyókù. Nígbà tí Àǹtí, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, ra ẹ̀rọ ìsàba láti máa fi pa ẹyin adìẹ, Kẹ́lẹ́ ló so kọ̀ǹpútà kékeré kan mọ́ ọn. Sẹ́ńsọ̀ kan wà nínú ẹ̀rọ náà tó mọ bí ibẹ̀ ṣe gbóná tó àti bí ọ̀rinrin rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, wáyà tín-ín-rín ló sì fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ètò tí wọ́n ń pè ní dráífà ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Dráífà á bi sẹ́ńsọ̀ nípa ooru, á gba èsì, á tún bi í nípa ọ̀rinrin, á gba èsì, á wá kọ ohun tó gbọ́ sínú fáìlì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó lọ kà á níbẹ̀. Fáìlì yẹn náà ni ojú ẹ̀rọ, níbi tí nọ́ńbà ooru ti ń hàn, ń kà; òun náà ni ètò tó ń tan iná ooru tó sì ń pa á ń kà, wàhálà kankan ò sì sí.

Àfi pé Àǹtí ò ní sùúrù.

"Nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ yìí ń tòògbé," ó wí. "Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo tì í, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan wọlé. Kẹ́lẹ́, bá mi jí i."

Ó yẹ kí Kẹ́lẹ́ sọ fún un pé dráífà kì í béèrè ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Kò sọ ọ́. Ó kọ ètò mìíràn tó máa bá sẹ́ńsọ̀ sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ lórí wáyà. Kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ kọ̀ fún un, ó ní dráífà ti ń lo sẹ́ńsọ̀ náà. Kẹ́lẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún àṣẹ rẹ̀, pé kó wọlé tipátipá, ó sì wọlé. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú ẹ̀rọ. Inú Àǹtí dùn débi pé ó pè é ní ọkọ òun.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Àǹtí já wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹyin mi ti sè o! Ọgọ́ta ni mo rí lójú ẹ̀rọ! Ohun tí kò yẹ kó kọjá méjìdínlógójì! Mo ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kí n tó máa bọ̀."

Àìsàn ti kó ìdajì adìẹ Àǹtí lọ. Ẹyin tí àwọn tó kù yé ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Tí ìwọ̀nyí bá bàjẹ́, ọgbà adìẹ náà parí nìyẹn.

Àǹtí na ọrùn kọjá èjìká ìyá. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni kí n ṣe sí wọn?"

Irin wà lọ́wọ́ bàbá, kò gbọ́. Nígbà tó yá, ó gbé e kalẹ̀. Ìyá, tó ti ń dúró látẹ̀ẹ̀kan, béèrè tirẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe: "Àwọn sípíkà tí ọkùnrin àná yẹn kó wá ńkọ́?"

"Wọ́n ti jóná," ni bàbá wí láì gbójú sókè. "Kí wọ́n kó wọn dànù."

Àǹtí gbé ọwọ́ lérí. "Ó tán! Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kó wọn dànù." Ó sì yíjú síta.

Kẹ́lẹ́ tún un rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Àǹtí ló kọ́kọ́ béèrè. Ìbéèrè ìyá wọ àárín. Bàbá dá ìyá lóhùn, Àǹtí sì ń gbé èsì onísípíkà lọ sílé. Ọgọ́ta! Ooru kọ́ ni ọgọ́ta. Ọ̀rinrin inú ẹ̀rọ náà ló máa ń wà ní ọgọ́ta. Ètò òun ló bi sẹ́ńsọ̀ nípa ooru. Kó tó gba èsì, dráífà bi í nípa ọ̀rinrin, èsì ọ̀rinrin ni ètò òun sì gbé.

"Àǹtí! Ẹ má kó wọn dànù!"

Ariwo náà kan ògiri. Bàbá yíjú sí pẹpẹ tó ń kó rédíò sí. "Èwo ló tan ara rẹ̀ nínú wọn?"

"Ọmọ rẹ ni," ni ìyá wí, ẹnu ya òun náà.

Kẹ́lẹ́ kúnlẹ̀ síwájú Àǹtí, ó ṣàlàyé. Sípíkà ni bàbá ń sọ. Ọ̀rinrin ni ọgọ́ta. "Èmi ni mo gba ẹ̀yìn dráífà wọlé, mà. Iná ooru ò ṣìwà hù rárá. Ojú ẹ̀rọ ló parọ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi nígbà yẹn pé kò yẹ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ní kí n jí i. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ pé rárá, mà."

Àǹtí fà á lápá. "Dìde. Ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ṣì wà ní ṣíṣí."

Àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré. Nígbà tí Kẹ́lẹ́ ka fáìlì dráífà, ooru ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ó ti ilẹ̀kùn, ó pa ètò tipátipá rẹ́, ó jẹ́ kí ojú ẹ̀rọ máa ka fáìlì bíi tàtẹ̀yìnwá. Wọ́n jókòó sórí àpò oúnjẹ adìẹ. Nígbà tí inú ẹ̀rọ padà sí bó ṣe yẹ, Àǹtí fa aṣọ bo fèrèsé, ó mú ẹyin kan, ó fi tọ́ọ̀ṣì sí ìdí rẹ̀.

Àwọn iṣan pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tàn kálẹ̀ nínú rẹ̀. Àárín wọn ni ohun dúdú kan wà, kò mira. Lẹ́yìn náà ni ohun dúdú náà ta ẹsẹ̀ pẹ́rẹ́.

"Ọmọ mi," ni Àǹtí wí. Kẹ́lẹ́ ò mọ̀ bóyá òun ló ń pè bẹ́ẹ̀ ni, tàbí ẹyin. Wọ́n yẹ àwọn ìyókù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀ ò dáhùn, èyí tó pọ̀ jù ló ta ẹsẹ̀.

Àǹtí dá wọn padà sínú ẹ̀rọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó wá dojú kọ nọ́ńbà náà. Kò yí. Ó dúró tì í, ọwọ́ ní ìbàdí.

"Ó tún ti ń tòògbé," ó wí.

"Kò lè yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, mà," ni Kẹ́lẹ́ wí, ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ Àǹtí.

"Mo gbọ́." Àǹtí fa àpò oúnjẹ adìẹ sún mọ́ ẹ̀rọ, ó jókòó. "Jẹ́ kó tòògbé."