Bíréèkì Tó Yẹ Òkè Aléjò

Kò sí awakọ̀ tírélà kan ní Sòkòdé tí kò mọ Sàfúrà. Lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ láínì kíkàn: yóò yọ láínì tó ti jẹ tán lára bíréèkì, yóò fi ìṣó bàbà kan tuntun mọ́ ọn, yóò sì máa fi òòlù kékeré lù ú títí yóò fi jókòó dáadáa. Obìnrin náà mọ̀ pé ọwọ́ òun mọ́ṣẹ́, kò sì fi í pa mọ́. Bí o bá lọ bá a dúnàádúrà, yóò ní kí o máa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kí o sáà dágbére fún ìyàwó rẹ kí o tó gun òkè Aléjò. Ọkọ̀ kankan tó bá kan láínì fún kò já sínú ọ̀gbun òkè náà rí, o ò sì ní tíì béèrè tí yóò fi sọ ọ́ fún ọ.

Nígbà tí ẹgbẹ́ awakọ̀ fẹ́ ra àwọn tírélà tuntun tí yóò máa kó sìmẹ́ǹtì lọ sí Wagadúgù, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ṣé onídúróòmù ni kí wọ́n rà, àbí onídísìkì? Ti dúróòmù, gbogbo wọn mọ̀ ọ́n: abọ́ irin ńlá ni, láínì wà nínú rẹ̀, bí awakọ̀ bá sì ti tẹ bíréèkì, láínì á fẹ̀, á di abọ́ náà mú láti inú. Ti dísìkì, irin pẹlẹbẹ tó wà ní gbangba ni, tí nǹkan méjì ń fún lọ́tùn-ún lósì, bí ìgbà tí èèyàn bá fi àtàǹpàkò àti ìka mú àwo. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní eruku yóò jẹ dísìkì run, wọ́n ní Lomé nìkan ni wọ́n ti ń ta èèlò rẹ̀, owó rẹ̀ sì wọ́n bí ojú. Àwọn ọ̀dọ́ ní bí dúróòmù bá gbóná jù lórí òkè, abọ́ á fẹ̀ sá fún láínì, ẹsẹ̀ awakọ̀ á wá máa tẹ òfìfo.

Jóbò, àbúrò Sàfúrà kan ṣoṣo, ni wọ́n ti yàn pé kó wa àkọ́kọ́ nínú àwọn ọkọ̀ náà. Dísìkì ló wù ú, ṣùgbọ́n kò tó bẹ́ẹ̀ láti sọ ọ́ lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá mú dísìkì, àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù yóò tẹ̀ lé wọn, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Sàfúrà yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tì. Gbogbo wọn ló mọ̀. Sàfúrà náà mọ̀.

Agóró, olórí àwọn awakọ̀, ní kí ẹnu ó sinmi, kí òkè ó dájọ́. Wọ́n yá tírélà onídísìkì kan lọ́wọ́ oníṣòwò ará Kárà. Jóbò yóò wa ìyẹn. Agóró yóò wa onídúróòmù tirẹ̀, tí Sàfúrà fọwọ́ ara rẹ̀ kan láínì fún. Wọ́n di ẹrù wọn dọ́gba, kí wọ́n lè jọ sọ̀ kalẹ̀.

Àṣà kan sì wà ní ìsàlẹ̀ òkè yẹn. Ọkọ̀ tó bá sọ̀ kalẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró lábẹ́ igi irú, kí wọ́n fi ìka ta omi sára bíréèkì rẹ̀. Bí omi bá dákẹ́, wọn á gbé wàgàsì, ìyẹn wàrà díndín, pàdé awakọ̀ náà. Bí ó bá ké ṣìì, òun ni yóò ra wàgàsì fún gbogbo wọn, yóò sì fi yẹ̀yẹ́ ṣe ọbẹ̀ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, Sàfúrà ni wọ́n ní kó ta omi. Ti Jóbò ló kọ́kọ́ dé. Omi kan dísìkì, ó ké ṣìì, ó gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ni ẹ̀rín bá sọ.

"Jóbò, ṣé ọkọ̀ lo wà wá ni," awakọ̀ kan bi í, "àbí ìkòkò tí wọ́n fi ń dín wàgàsì lo gbé bọ̀?"

Ti Agóró dé. Omi ṣàn lára abọ́ irin náà jẹ́jẹ́, kò fọhùn. Wọ́n pariwo orúkọ Sàfúrà, wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Sòkòdé ti borí ti òyìnbó. Àwọn àgbà ti ń sọ̀rọ̀ bí wọn yóò ṣe san owó onídúróòmù.

Ẹlòmíràn ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó palẹ̀ mọ́, kó máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n òórùn kan ti gba imú Sàfúrà. Òórùn láínì tó ń jó ni, láínì tirẹ̀ gan-an, láti inú ọkọ̀ Agóró. Ó bi Jóbò léèrè bí bíréèkì ṣe rí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní kọ́nà tó gbẹ̀yìn. Jóbò ní bó ṣe wà lókè náà ló wà nísàlẹ̀. Ó bi Agóró. Ọkùnrin náà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ẹsẹ̀ òun wọlẹ̀ díẹ̀ kó tó mú.

"Báwo ni díẹ̀ yẹn ṣe tó, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ó kù díẹ̀ kó kanlẹ̀," ni Agóró wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀.

Sàfúrà ní kí ẹnikẹ́ni má tíì pín wàgàsì, kí wọ́n jókòó mu tíì ná. Wọ́n mu ún, wọ́n ń kùn. Nígbà tí ife gbẹ, ó tún bu omi. Ó ta á sára dísìkì, omi dákẹ́. Ó ta á sára dúróòmù Agóró, omi ké, ó ń ta pàrà lára irin. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ó wá là á yé wọn. Gbangba ni dísìkì wà, afẹ́fẹ́ ti gba ooru rẹ̀ lọ. Abọ́ irin ní tirẹ̀ bo iná mọ́ra, ìgbà tí wọ́n ń mu tíì ni iná náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn bọ̀ wá síta. Ẹ̀yìn abọ́ ni omi wọn ti ń bi léèrè látọjọ́, inú rẹ̀ sì ni ikú wà.

"Ọkọ̀ tó bá ń rìn nínú eruku oko òwú, ẹ fi dúróòmù sílẹ̀ fún un," ó ní. "Ti òkè yìí, dísìkì ni kẹ́ ẹ rà."

Agóró yíjú sí i. "Sàfúrà, ṣé o mọ nǹkan tó o fi ẹnu ara ẹ ṣe báyìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Ẹ̀gbọ́n. Láínì mi ò pa ẹnikẹ́ni lórí òkè yìí rí. Mi ò ní jẹ́ kó wá jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ mi lá máa pa yín."

Agóró ṣí fìlà. Àwọn awakọ̀ abẹ́ igi irú kì í dìde fún ẹnikẹ́ni, wọn kì í dìde fún aṣọ́bodè pàápàá, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dìde títí kò fi ku ẹnì kan lórí ìjókòó. Ó dun Sàfúrà, kí n má purọ́, ṣùgbọ́n ìwúrí tó wà láyà rẹ̀ ju ẹ̀dùn náà lọ, ọrùn rẹ̀ sì nà gbọọrọ láàárín wọn. Ó nu ọwọ́ sí yẹ̀rì, ó ní kí àbúrò òun ṣílẹ̀kùn onídísìkì kí òun wọlé jókòó níwájú, nítorí ọkọ̀ òwú kan ń dúró de òun ní ṣọ́ọ̀bù.