Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Ò Lè Kọ

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á rẹ́. Èmi Raïhanatou, tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ rédíò wa ní Bassila, èmi náà ni mo jókòó ní ọjọ́ Ajé láti nu àwọn ètò àtijọ́ kúrò, kí àyè lè wà fún wáàsí àwẹ̀, tí mo sì kọ àṣẹ ìparẹ́ mọ́ orúkọ dósíè, àpò fáìlì, tí kò yẹ. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣe é. Kọ̀ǹpútà yẹn ò tiẹ̀ bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ìlú mi Manigri bá wa sọ fún ọdún mẹ́sàn-án lọ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Mo panu mọ́. Mo ní màá wá nǹkan ṣe sí i kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ìgbà tó di Ọjọ́bọ̀, láago mẹ́jọ àárọ̀, Bàbá Òkè wọlé, eruku ọ̀nà Manigri ti sọ irun orí rẹ̀ di pupa. Àbúrò ìyá mi ni, àgbẹ̀ oníṣu àti oníkájú. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Raïha, ohùn Bàbá Taofic dà?"

Mo mọ ohun tó ń béèrè. Bàbá Taofic, tí wọ́n tún ń pè ní Alhaji, ló ni ilẹ̀ tí Bàbá Òkè ń ro. Kí ó tó kú, ó wá sí rédíò wa, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti fi ilẹ̀ náà ta bàbá tó bí Bàbá Òkè lọ́rẹ, títí láé. Ṣùgbọ́n Mamoudou ọmọ rẹ̀ wà ní Cotonou nígbà yẹn, kò gbọ́ ètò náà. Kódà wọ́n ti sin bàbá rẹ̀ kí ọkọ̀ rẹ̀ tó dé. Ní báyìí ó ní wọ́n kàn yá bàbá tó bí Òkè nílẹ̀ láti gbin iṣu ni, pé ta ló ní kí Òkè gbin kájú sí i? Ọ̀rọ̀ rédíò yẹn, ó ní irọ́ gbuu ni. Àwọn àgbà tó gbọ́ ọ nígbà yẹn, òmíràn ti kú, òmíràn ò rántí mọ́ bóyá "mo fún un" ni àbí "mo yá a".

"Baálẹ̀ ti ní kí n gbé ohùn náà wá," Bàbá Òkè wí. "Òní ni. Bí a bá kírun Àlàásárì tán tí n kò tíì gbé e dé, oníwọ̀nlẹ̀ yóò ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni mo ti gbin kájú yẹn, ọmọ mi. Níbo ni mo fẹ́ gbà bẹ̀rẹ̀?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo jẹ́wọ́. Mo retí pé yóò gbá mi létí, ìyẹn ì bá tiẹ̀ sàn. Ó kàn jókòó sórí àga gbọọrọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbé fìlà lé orúnkún, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Inú mi bàjẹ́ débi pé mo jágbe mọ́ ọn pé kó má wo ọwọ́ báyẹn mọ́!

Ohun kan ṣoṣo ló kù: kásẹ́ẹ̀tì ìpamọ́ kan, tó tóbi tó ọṣẹ ìfọṣọ, tí ó wà nínú àpótí ìwé láti ìgbà tí Djamilatou fi ń ṣe akọ̀wé wa. Djamilatou ló da gbogbo ètò wa sórí rẹ̀ kí ó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń kà á ti darúgbó, gbígbóná rẹ̀ sì ju ti ààrò lọ. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ṣoṣo, kì í ṣe èyí tí mo nu, ló ṣì gbọ́ èdè rẹ̀, òun náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dé ẹnu. Bí mo bá ní kí n kó gbogbo ohun tó wà lórí kásẹ́ẹ̀tì jáde, ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ pàápàá ò ní rí ibi jókòó sí.

Nítorí náà, a ní láti mú ọ̀kan péré jáde. Àṣẹ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà. Àkọ́kọ́ á yí kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, èkejì á ka orúkọ gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ fún ọ, ẹ̀kẹta á mú èyí tí o bá dárúkọ jáde. Àmọ́ kò mọ̀ ọ́n wá bí èèyàn ṣe ń wá nǹkan. Orúkọ tí wọ́n fi pamọ́ gan-an ni o gbọ́dọ̀ kọ, lẹ́tà kan ò gbọdọ̀ yẹ̀.

Mo ní kó ka orúkọ wọn fún mi, mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá. Mo wo Taofic, kò sí. Mo wo Alhaji, mo wo gbogbo ohun tó jọ ọ́, kò sí. Mo ní kí n wo ọjọ́, ọjọ́ kan náà ló wà lára gbogbo wọn, torí ọjọ́ Jímọ̀ kan ṣoṣo ni Djamilatou dà wọ́n. Mo mú bíírò pupa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé èyí tó dá mi lójú pé kì í ṣe é: ojo, ilera, alatupa, ere_omode. Ó ku bíi mẹ́wàá.

Mo mú "ile_manigri". Kásẹ́ẹ̀tì ń lọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú, òógùn bò mí. Ó jáde. Ọ̀gbẹ́ni kan ló ń sọ bí wọ́n ṣe ń dènà iná ìgbẹ́.

"Ó ti jáde?" Bàbá Òkè bi mí.

"Kì í ṣe òun, Bàbá."

Mo mú "agba_manigri". Ogójì ìṣẹ́jú mìíràn. Màmá Àsùmáù ló bọ́ sí i, ó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣe òrí. Wàláì, ó kù díẹ̀ kí n fi àga fọ́ ẹ̀rọ náà.

"Ó ti jáde?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé bi mí!"

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í han. Mo fa kásẹ́ẹ̀tì yọ, mo rí i pé etí rẹ̀ ti ń ká jọ. Mo mọ̀ pé ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré tí yóò lọ kí ó tó já. Aago ti lu méjì ààbọ̀. Ẹkún gbọ̀n mí, mo jẹ́ kó dà.

Èèyàn kan ṣoṣo ló mọ orúkọ tí ohùn náà ń jẹ́, ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ ò sì rí wàhálà: Djamilatou yẹn, ìyàwó Mamoudou ni. Mo pè é. Bí mo ṣe ní "kásẹ́ẹ̀tì", ó ní "N ò mọ nǹkan kan," ó sì pa fóònù mọ́ mi létí. Mo ṣépè, èpè tí kò yẹ kí n ṣẹ́ lójú àgbà.

"Má bú u," Bàbá Òkè wí láti orí àga. "Ìyàwó ilé wọn ni. Kí lo fẹ́ kó sọ? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé, ẹnìkan ò tíì gbọ́ orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí."

Mo yíjú sí i. "Ẹ ní kí ni?"

"Ìyàwó wo ló ń pe bàbá ọkọ rẹ̀ lórúkọ? Ṣé bí ẹ ṣe ń ṣe ní Bassila nìyẹn?"

Yéè! Èmi ọmọ Manigri, orí mi ò gbé e rárá. N kò tíì lọ́kọ, ta ni mo fẹ́ máa yẹra fún orúkọ rẹ̀? Obìnrin tí kò lè fi ẹnu pe orúkọ náà, báwo ni yóò ṣe fi ọwọ́ kọ ọ́? Orúkọ tí ó ń pè é nínú ilé ló kọ. Mo bi Bàbá Òkè kí ni orúkọ ọ̀hún, ó mi orí. Ohun tí ìyàwó ń pe bàbá ọkọ nínú àgbàlá, ará ìta ò gbọ́ ọ.

Mo tún pè é. Ó gbé e. N kò dárúkọ kásẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má pa fóònù. Láàárọ̀ tí ẹ bá fẹ́ kí bàbá ọkọ yín, báwo lẹ ṣe máa ń kí wọn?"

Mo gbọ́ igbe adìyẹ, mo gbọ́ tí ohùn Mamoudou ń béèrè ta nìyẹn. Mo gbọ́ ìṣísẹ̀, ilẹ̀kùn kan pa dé. Mo ti ń rò pé ó ti lọ.

"Bàbá Alátùpà," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Wọ́n máa ń gbé àtùpà lọ kírun Àsùbáà. Raïha, má dárúkọ mi o."

Alatupa. Mo ti fi bíírò pupa fagi lé e. Mo rò pé ẹ̀kọ́ nípa epo kẹrosíìnì ni!

Mo yí kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo kọ àṣẹ, mo ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sókè kí n tó tẹ̀ ẹ́. Bàbá Òkè dìde, ó wá dúró lẹ́yìn mi. Ẹ̀rọ han, ó dákẹ́, ó tún han. Mo ń bẹ̀ ẹ́ bí èèyàn ṣe ń bẹ ọmọ tí kò fẹ́ mu oògùn. Nígbà tó di ìṣẹ́jú kọkànlélọ́gbọ̀n, orúkọ náà yọ lójú kọ̀ǹpútà. Mo dúró, mo dúró títí ó fi jáde tán. Bí mo ṣe ní kí n yí kásẹ́ẹ̀tì náà padà, ó já. Gbogbo ìyókù lọ bẹ́ẹ̀, n ò ráyè sunkún wọn.

Mo fi ohùn náà sínú fóònù, a gun alùpùpù mi, a kọjú sí Manigri. Ìrun Àlàásárì ti parí nígbà tí a dé oko. Òkúta méjì ti wà nílẹ̀, oníwọ̀nlẹ̀ ń gbẹ́ ihò ẹ̀kẹta lábẹ́ kájú Bàbá Òkè. Baálẹ̀ jókòó lábẹ́ ìbòòji, Mamoudou dúró tì í. Àwọn obìnrin ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn, Djamilatou wà láàárín wọn. N kò wo ojú rẹ̀.

"Ẹ dúró!" mo kígbe. "Ẹ gbọ́ ọ ná!"

Mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn ọ̀dọ́bìnrin ló kọ́kọ́ jáde, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin ará, àlejò wa òní, n ò lè pè wọ́n lórúkọ, bàbá ọkọ mi ni." Bàbá arúgbó kan rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, ó wúkọ́, ó wá sọ̀rọ̀.

"Láti ìdí máńgòrò dé odò, mo ti fún bàbá tó bí Òkè. N kò yá a, mo fún un ni. Ọmọ mi kankan ò gbọdọ̀ béèrè rẹ̀. Ìyàwó wa, bá mi tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí o, kó má bàa sọnù."

Bàbá Òkè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Baálẹ̀ ṣẹ́wọ́ sí oníwọ̀nlẹ̀ pé kó yọ òkúta rẹ̀. Mo ń retí ìbínú Mamoudou, mo ti múra ìjà sílẹ̀.

Ó wá bá mi, ó na ọwọ́. "Tún un tẹ̀."

Mo tún un tẹ̀. Ó ní kí n tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà ẹ̀kẹta ó ti lóṣòó sílẹ̀, ó gbé fóònù mi mọ́ etí, omijé ń dà lójú rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Ìgbà tí bàbá yẹn rẹ́rìn-ín ni kì í jẹ́ kó kọjá, ibẹ̀ ló ń padà sí.

Ó gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀. "Ọdún márùn-ún," ó wí. "N kò bá òkú rẹ̀. N kò ní nǹkan kan tí mo lè fi gbọ́ ohùn rẹ̀. O mọ̀ pé ó wà níbì kan, o ò sì sọ fún mi?"

Djamilatou kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ orí kodò.

"Ẹ ò béèrè ohùn wọn lọ́wọ́ mi rí. Ilẹ̀ wọn lẹ ń béèrè."