Ta Ló Jẹ Ìpápánu Orí Ọ̀pá Gíláàsì?

Ẹ má bi mí pé inú ìwé wo ni mo ti rí i. Nínú gbogbo láàbù tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Tainan, ní Taiwan níbí, kò sí ẹ̀rọ tí wọn ò gbé ìpápánu àgbàdo inú ọ̀rá àwọ̀ ewé lé lórí, torí orúkọ ìpápánu náà túmọ̀ sí "gbọ́ràn", kí ẹ̀rọ náà lè máa gbọ́ràn. Ọ̀rá pupa ò dáa, torí pupa ló ń dá ọkọ̀ dúró ní ìkóríta. Yẹ́lò, ti àwọn tó ń wá owó nìyẹn. Àwọ̀ ewé ni, kí ọjọ́ rẹ̀ má tíì kọjá, kí ẹnikẹ́ni má sì jẹ ẹ́. Kí ló wá le níbẹ̀?

Jui-lin, àbúrò mi nínú láàbù, ló jẹ ẹ́.

Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn gan-an ló fẹ́ yọ ìdọ̀tí kúrò lára oògùn tó ti ń sè láti ìgbà òtútù, tí gbogbo rẹ̀ ò kún ṣíbí kékeré kan. Ó ti rọ ìyẹ̀fun yanrìn funfun kún ọ̀pá gíláàsì gbọọrọ, ó da oògùn lé e, ó wá ń bu omi kẹ́míkà sí i láti òkè. Ìdọ̀tí á lẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun, oògùn á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá jáde, Jui-lin gboyè. Bí ò bá jáde, ó di ọdún tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ Wan-ju àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti sọ fún un pé òun ò ní dúró dìgbà yẹn.

Oògùn sọ̀ dé àárín, ó dúró. Omi ò kán nísàlẹ̀ mọ́. Mo wo òkè, mi ò rí ọ̀rá. Mo wo Jui-lin, ẹnu rẹ̀ ń dán.

"Ọ̀rá yẹn dà?"

"Ẹ̀gbọ́n, ebi ló ń pa mí. Ṣé ìpápánu ló máa wá dá kẹ́míkà dúró ni?"

"Bi ọ̀pá rẹ, kó dá ẹ lóhùn."

Ojú ọmọ náà yí padà. Ẹni tó ní òun ò gbà gbọ́ ló fò sórí alùpùpù yẹn. Ilé ìtajà àkọ́kọ́, pupa nìkan ló kù. Èkejì, yẹ́lò. Nígbà tó fi máa padà, ó ti fi máákà kun ọ̀rá pupa kan láwọ̀ ewé. Mo bi í bóyá ọ̀pá ò lójú ni, mo sì lé e jáde tòun tọ̀rá, kó má baà kó bá ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíì.

Ariwo wa ló pe Ọ̀jọ̀gbọ́n Liao wọlé. Amẹ́ríkà ni ọ̀gá wa yìí ti kàwé, kò sì sí ìpàdé tí kì í ti í fi ọ̀rá wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yọjú wo inú ọ̀pá, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n pe Jui-lin padà. Àṣé orí ọ̀pá tó ṣí sílẹ̀ ni olóṣì yìí ti dúró jẹun! Èérún ti bọ́ sínú, ó ti rọ̀, ó ti dí ojú ìyẹ̀fun pa bí ẹ̀kọ. Ọ̀gá fi ẹ̀mú gígùn ṣa gbogbo rẹ̀ kúrò.

"Ohun tó ṣe é nìyí," ó ní. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀rá."

A dúró. Omi ò kán. A tún dúró. Jui-lin ti ń nu ojú. Ọ̀gá wo ọ̀pá, ó wo ìlẹ̀kùn, ó wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ, a sì gbọ́ tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣí dúrọ́ọ̀. Ó gbé ọ̀rá àwọ̀ ewé tuntun jáde, ó yẹ ọjọ́ ara rẹ̀ wò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé orí ọ̀pá.

"Ẹ ò rí nǹkan kan o."

Omi kán. Oògùn mira, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé mò ń bínú.

Èmi ni mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Wan-ju, ẹnu mi kì í dákẹ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, kí wọ́n tó gbé ẹja wá sórí tábìlì, ó dìde níwájú gbogbo ẹbí, ó fi rìbọ́nì so ọ̀rá àwọ̀ ewé kan mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn. Ó ní ẹ̀rọ tòun nìyí, kò gbọdọ̀ dákú mọ́ òun lọ́wọ́. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n fi máa gbé èso wá, mo wo ẹnu Jui-lin. Ó ń dán.