Ìkókórè Tí Kò Lépo

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi pátápátá! Láti ìgbà tí dókítà ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọkọ mi, bàbá Ameerah, lẹ́nu, ẹ̀kán epo báyìí ni mo fi ń se ìkókórè rẹ̀. Ewùrà tí mo ń rin ń yún mi lọ́wọ́. Mo ń fi ẹ̀fọ́ sí i, mo ń fi ẹja tútù sí i. Ó ń jẹ ẹ́, kò ṣàròyé. Síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò wálẹ̀. Àfi bí ẹni ń fi agbọ̀n pọnmi!

Nílé wa l'Ẹ̀pẹ́, a kì í jẹun láìkọ́kọ́ bu ti ìyá ọkọ ránṣẹ́. Lánàá, mo lọ gba abọ́ mi lọ́wọ́ Màmá. Ta ni mo bá níbẹ̀? Bàbá Ameerah! Ìkókórè mi ló ń jẹ, epo pupa sì ti kùn ún lẹ́nu.

"Màmá, ta ló da epo sí i?"

"Èmi ni. Ṣé kí wọ́n máa sọ pé ìyàwó ọmọ mi ò mọ ọbẹ̀ sè ni?"

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ò ní jẹ?"

"Mo ti bu tèmi kí n tó da epo sí i. Dókítà ní kí n ṣọ́ra fún epo."