Lábẹ́ Amọ̀ Funfun

Wening nìkan ni mo bí, òun náà ló wá fẹ́ dójú tì mí láàárín abúlé. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn o.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yẹn le, omi tí ọkọ̀ ń gbé wá tà sì ti sú mi. Mo bá ọkùnrin kan láti ìlú Solo ṣàdéhùn: tí kànga tí à ń gbẹ́ lẹ́yìnkùlé ò bá mú omi wá títí ọjọ́ Ẹtì, kó wá ra ilé mi. Ilé tí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ kó tó kú!

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Bàbá Tukiran tó ń gbẹ́ kànga náà gun àkàbà jáde, amọ̀ funfun bò ó dé orúnkún.

"Ìyá Wening, ilẹ̀ ti tilẹ̀kùn. Ẹ lọ se ìrẹsì, ká fi bẹ ẹ̀mí tó nilẹ̀, ká dí ihò yìí."

Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kànga tó bá ti kan amọ̀ funfun lábúlé wa, a ó ṣàdúrà, a ó dí i. Mo ti gbé ìkòkò nígbà tí Wening, tó ń kọ́ nípa ilẹ̀ ní yunifásítì, ké sí wa.

"Ẹ má dí i o, Bàbá! Ìdérí lásán ni amọ̀ yẹn. Strata ni wọ́n ń pè é."

"Kí ni wọ́n ń pè é? Ṣé oògùn inú rírun ni?" Bàbá bú sẹ́rìn-ín.

Wening mú kue lapis, àkàrà ìyẹ̀fun ìrẹsì tí mo sè láàárọ̀, ó ń ṣí i ní ìpele-ìpele bí àwọn ọmọdé wa ṣe máa ń jẹ ẹ́.

"Ìtumọ̀ ẹ̀ ò ju èyí lọ: ìpele lórí ìpele. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Eérú tí òkè oníná Lawu tú jáde rèé lókè. Amọ̀ ló tẹ̀ lé e, kì í jẹ́ komi kọjá. Yanrìn ló wà lábẹ́ amọ̀, ibẹ̀ lomi há sí. Mo ti rí i létí odò, abẹ́ amọ̀ funfun yìí gan-an ló ti ń sun jáde."

"Tí ẹ̀mí tó nilẹ̀ bá bínú ńkọ́?" Bàbá bi í.

"Ẹ jẹ́ kó bínú sí mi."

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní tàn yín jẹ. Ṣùgbọ́n mo wojú ọmọ náà, ojú baba ẹ̀ ni, mo bá ju ìkòkò sílẹ̀. "Bàbá, ẹ padà wọlẹ̀! Tẹ́rù bá ń bà yín, ẹ gbé ṣọ́bìrì fún mi."

"Háà! Kóbìnrin wọ kànga nígbà tí mo ṣì wà láyé?" Ó padà sísàlẹ̀, ó ń kùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ará Solo ti dé, ó ti ń fojú wọn yàrá mi, la bá gbọ́ igbe nínú ihò. Mo rò pé ilẹ̀ ti ya lu bàbá olóore. Àfi bó ṣe ń sáré gun àkàbà, tí omi ń lé e bọ̀!

"Ó tutù! Ó tutù o!"

Wening fò mọ́ mi, a jọ ń jó nínú ẹrẹ̀. Àwọn aládùúgbò tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ láná ń gbé bókẹ́ẹ̀tì bọ̀. Bàbá Tukiran ń pariwo "Strata! Strata!" kiri bí ẹni pé òun ló sọ ọ́ lórúkọ. Ayọ̀ yẹn pọ̀ jù fún mi, mo sunkún.

"Ìyá, ọ̀rọ̀ ilé wa ńkọ́?" ará Solo bi mí.

Mo dúró kómi tòrò díẹ̀, mo bu ife kan fún un. "Ẹ mu ún, ọ̀nà yín jìn. Mi ò tàlé mọ́."