Ẹnu Nàfísátù

Igbe Nàfísátù ló mú kí Ràbíátù ju àwo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ náà tu bọ́nbọ́n pupa sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì bá a jáde.

"Ìyá àgbà, eyín mi!"

Ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní àdúgbò Attiégou ni Ràbíátù pàtẹ sí: bọ́nbọ́n oríṣiríṣi, bísíkíìtì, àgbọn tí wọ́n fi ṣúgà dín. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Nàfísátù, ọmọ ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà tí Fàdílátù, ìyá ọmọ náà, ti bá òwò lọ sí Libreville, ẹkún ni Nàfísátù fi ń jí. Bọ́nbọ́n ni Ràbíátù fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún: ọ̀kan láàárọ̀ kó tó wọ kíláàsì, ọ̀kan ní àkókò ìpápánu, méjì kó tó sùn. Ẹkún á dákẹ́, Ràbíátù á sì padà sídìí àtẹ.

Tàtá Jeanne, olùkọ́ kíláàsì náà, sáré jáde. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà tó ti wú. "Ìyá, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín lónìí."

Ràbíátù da aṣọ bo àtẹ rẹ̀. Ó pọn ọmọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn ju ti ẹni tí à ń pọ̀n lọ, ó sì dá alùpùpù kan dúró.

Dókítà Jérôme tan iná sí ẹnu ọmọ náà. Eyín mẹ́rin ló ti dúdú. Ọ̀kan ti jẹrà dé ìdí. Ó fi èdè Mina bi Ràbíátù pé, "Màmá, ta ló ń fún un ní ohun dídùn?"

Ràbíátù wolẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tó jẹ́ pé òun gan-an ló gbé e wọ́ ńkọ́?

"Èmi ni," ó wí.

Dókítà kò bá a wí. Ó gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́, ó yọ eyín kan. Nàfísátù di àtàǹpàkò ìyá àgbà rẹ̀ mú pinpin. Oúnjẹ rírọ̀ tí kò gbóná ni kó jẹ lónìí, dókítà wí. Tó bá padà sílé-ìwé, kí wọ́n máa di ẹyin sísè fún un, tàbí wàrà, tàbí kùkúńbà, pẹ̀lú omi lásán.

Lọ́sàn-án, Fàdílátù pè láti Libreville. "Ìyá mi, ohùn yín ò jọ ti àná. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu Ràbíátù: ọmọ ṣubú. Ó gbé e mì. "Wọ́n yọ eyín ọmọ rẹ. Bọ́nbọ́n tí mò ń fún un ló bà á jẹ́. Ẹkún rẹ ló ń sun láràárọ̀, mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe."

Ohùn Fàdílátù yí padà. "Ìyá mi, ẹ ṣáà máa bá mi gbá a mọ́ra."

Ràbíátù kò padà sídìí àtẹ lọ́jọ́ náà. Ó se ẹyin kan, ó jẹ́ kó tutù, ó gé e wẹ́wẹ́ sínú àwo, ó sì jókòó ti ọmọ náà lórí ẹní.

"Ìyá àgbà, ẹ ò lọ tajà?"

"Mi ò lọ mọ́."

Nàfísátù wò ó bí ẹni tí kò gbà á gbọ́. Ó sún mọ́ ọn. Ó mú ẹyin díẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kejì rún un jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Viviane lòun ń bá jókòó ní kíláàsì. Viviane máa ń bẹ̀rù aláǹgbá. Tàtá Jeanne kọ́ wọn lórin ọkọ̀ ojú omi. Òun ya àwòrán ilé kan, màmá òun wà níbẹ̀, ìyá àgbà wà níbẹ̀, òun ò sì ya ilẹ̀kùn sí i kí ẹnikẹ́ni má baà jáde.

Ràbíátù ń gbọ́, àwo ẹyin wà lórí itan rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ rèé tí wọ́n ti jọ ń sùn, tí wọ́n jọ ń jí. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ tó báyìí nínú ẹnu tí òun ń fi bọ́nbọ́n dí láràárọ̀.